Òmìnira kọ́, ìdàpọ̀ náà kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará wa. Mo ka àbá tí Bàbá wa ní Ifẹ̀ mú wá lórí bí àwọn oníròyìn Yorùbá ṣe yẹ kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti àwọn mẹ́ta tó bọ́ síta: Mali, Niger àti Burkina Faso. Wọ́n ní agbára tí orílẹ̀-èdè fi ń pàṣẹ nílẹ̀ ara rẹ̀, tí ará òde kò lè yẹ̀ ẹ́, ká pè é ní "òmìnira"; kí àwọn aládùúgbò kó ọ̀rọ̀ ìjọba wọn pọ̀ sójú kan, ká pè é ní "ìdàpọ̀". Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó ta kò yín, ṣùgbọ́n mo ta kò yín.

Iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn òmìnira. Òun la fi pe ohun tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1960. Nígbà tó di 1963 tí ọbabìnrin wọn kì í ṣe olórí wa mọ́, òun náà la tún fi sọ Nàìjíríà ní "Olómìnira". Ẹlẹ́wọ̀n tó jáde láàárọ̀ yìí, òun náà ló gbà. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ti kọ́kọ́ di ẹnì kan mú. Tí oníròyìn bá wá ní Mali, Niger àti Burkina Faso fi ECOWAS sílẹ̀ nítorí òmìnira, ó ti dájọ́ nìyẹn, ó ti sọ ECOWAS di amúnisìn. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba níbẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn ni. Àwa ńkọ́? Ní 1960 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbòmìnira. 1975 ni wọ́n tó dá ECOWAS sílẹ̀ l'Ékòó.

Ìdàpọ̀ tiẹ̀ burú jù ú lọ. Ohun tó bá ti dà pọ̀, ta ni yóò ṣà á sọ́tọ̀? Ohun tí Lugard ṣe ní 1914 ni ìdàpọ̀; kò bi wá léèrè. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n tún ṣe ní 1993 fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: kó kọ̀wé, kó sì fi ọdún kan dúró. Àwọn mẹ́ta yìí kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn ò dúró de ọdún kankan, ECOWAS sì ka ọdún náà pé, ó di ọjọ́ 29, oṣù kìíní, 2025 kó tó gbà pé wọ́n ti lọ.

"Ìparapọ̀" ni mo fara mọ́. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni àwọn ìlú lára, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó para pọ̀, wọ́n kó ogun wọn sábẹ́ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, wọ́n sì ja Kírìjí títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886. Ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ọba kọ̀ọ̀kan ṣì ń dájọ́ láàfin rẹ̀. Ìyẹn ni kókó ohun tí à ń wá orúkọ fún: ẹ kó nǹkan kan sójú kan, ẹ sì di ìyókù mú.

Ohun tí wọ́n kó sójú kan yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ará àjọ lè lo 90 ọjọ́ nílẹ̀ aládùúgbò láìgba físà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ìyá kan tó ń ta àǹkárá l'Ọ́jà Atákúnmọ̀sà ní Iléṣà níbí, Kútọnu ló ti ń rajà nígbà yẹn. Ó ní, "Wọ́n ní kí èmi máa kọjá. Ẹrù mi ńkọ́, ṣé òun náà lẹ́sẹ̀ ni?" Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹrù tó ń ti òde àjọ wọlé náà tún wà, tó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà kó sì fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ ńkọ́? ECOWAS kò ní òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń lóṣòó gba gbèsè, tí yóò lóṣòó de owó náà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá kankan.

Ó wá ku orúkọ agbára yẹn fúnra rẹ̀. Àǹtí wa tó kọ̀wé lẹ́yìn Bàbá ní "ìkábíyèsí", ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣebí Kábíyèsí ni Aláàfin náà ń jẹ́ nígbà tí àwọn ìjòyè rẹ̀, Ọ̀yọ́ Mèsì, ń ṣígbá fún un pé kó kú! "Ìdápàṣẹ" ni tèmi: kéèyàn dá pàṣẹ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní ó ń rùn bí apàṣẹwàá. Ó ń rùn, lóòótọ́. Ìbọn ni wọ́n fi gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023. Nígbà tí ECOWAS tìlẹ̀kùn mọ́ wọn tó sì ní òun lè wọlé wá pẹ̀lú ogun, àwọn ológun náà ní àṣẹ ilẹ̀ àwọn ni ECOWAS fẹ́ gbà. Ẹni tó ń gba ìlú lọ́wọ́ aládùúgbò àti ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ìlú lè jẹ́ ẹnì kan náà. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ wa bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ìdápàṣẹ àti ìparapọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀tá tààrà bí Bàbá ṣe tò wọ́n. Ní oṣù keje 2024, àwọn mẹ́ta yìí kan náà pàdé ní Niamey, wọ́n dá ìparapọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìrìnnà kan náà. Owó Sẹ́fà (CFA) tí wọ́n ń ná, báńkì kan ní Dakar ló ń gbé e jáde fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ECOWAS, wọn ò kúrò nínú ìyẹn. Nàìjíríà tí kò jáde ló ń tẹ náírà tirẹ̀.

Báyìí ni màá kọ ìròyìn náà: "Mali, Niger àti Burkina Faso ní nítorí ìdápàṣẹ làwọn ṣe kúrò nínú ìparapọ̀ ECOWAS; wọ́n ti dá òmíràn sílẹ̀ láàárín ara wọn." Bàbá, ẹ fi òmìnira àti ìdàpọ̀ rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ méjì yẹn, kí ẹ kà á sókè, kí ẹ sọ fún wa ohun tí ẹ gbọ́.