Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú Ẹ̀pẹ́, kí lẹ rí gbà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń lò dòní? (Ọ̀rọ̀ wòlímọ̀ ọmọ mi)

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́:

Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí, ti fẹ́ parí Kùránì, àlùhàmúdù lílàhì. Ilé kéwú ìgbàlódé ló ń lọ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, wọ́n ní bẹ́ǹṣì, wọ́n ní pátákó funfun, wọ́n máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sáwa òbí lórí WhatsApp ká lè gbọ́ báwọn ọmọ ṣe ń kà á, tó bá sì délé á tún fi fóònù bàbá ẹ̀ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń kà á. Kíkà ẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Bó ṣe ń pe àwọn lẹ́tà yẹn láti ọ̀nà ọ̀fun, èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀ láyé, mo sì ń dúpẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn ústáàsì ẹ̀.

Ìyá mi wá ní dandan, àfi ká ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí Kùránì, fún un kí gbogbo Òkè-Balógun gbọ́, kó wé láwàní, kó jókòó síwájú àwọn Lèmọ́mù, bí wọ́n ṣe ṣe é fáwọn, bí wọ́n sì ṣe ṣe é fún èmi náà nígbà yìgì mi. Ọkọ mi ní òun ò rí ìyẹn nínú súnnà, pé owó tá a fẹ́ kó lé kúlà àti aṣọ ẹbí, ká fi san owó sìkúù ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dìjà láàárín àwọn méjèèjì torí mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kà ṣùgbọ́n mi ò rí i kó máa ṣe àwọn nǹkan tí ilé kéwú fi wọ̀ wá lẹ́wù, ká pọnmi sí bùúta àwọn àgbàlagbà kí wọ́n tó dé fún Àlásàrí, ká gbé àkàrà sàárà káàkiri àdúgbò láìjẹ ọ̀kan nínú ẹ̀ títí tó fi máa tán lọ́wọ́ wa, ká dọ̀bálẹ̀ ká kúnlẹ̀ fún ẹni tó kọ́ wa ní lẹ́tà kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan ó ń ka Súrà Máhùùnù lọ geerege nínú pálọ̀, àbúrò ẹ̀ ní kó yá òun ní bírò, ó ní rárá, ó sì ń bá kíkà ẹ̀ lọ. Ọmọdé ni, mo mọ̀, gbogbo ọmọdé ló ń ṣe é, àmọ́ ó ká mi lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lórí ẹní nígbà yẹn, kí lẹ rí gbà níbẹ̀ gan-an? Báwo sì ni mo ṣe lè fún ọmọ mi, ká ṣe wòlímọ̀ o, ká má ṣe é o?

Bàbá_Marina:

Wàláékúmù sàláámù, ìyá ìbejì. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọmọ náà lò ó dàgbà, kó lò ó dalẹ́, àmín.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́, tó bá gùn kẹ́ ẹ má bínú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àfáà ni ilé kéwú tiwa, wọn ò kọ́ ilé kankan fún un. Wàláà, pátákó ìkọ̀wé, la fi ń kọ́ ọ, Àfáà á ki kàlámù bọ inú tàdáwà, yíǹkì wa nìyẹn, wọ́n á kọ ohun tó bá kàn ọ́ sí i, wà á gbé e lọ síbi ògiri, wà á máa kà á sókè, ẹnìkejì rẹ náà ń ka tiẹ̀ sókè, gbogbo yín ò ka ohun kan náà síbẹ̀ olúkúlùkù ń gbọ́ tiẹ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́ lórí, wà á lọ kà á fún Àfáà láìwojú wàláà, tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn wọ́n á ní kó o lọ fọ̀ ọ́, ó yá, wọ́n á kọ òmíràn. Inú abọ́ la ti ń fọ̀ ọ́ torí a ò gbọ́dọ̀ da omi ẹ̀ síbi tẹ́sẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́, àwa mìíràn a sì mu ún, hàǹtú nìyẹn. Dúdú tàdáwà yẹn máa ń há sínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ wa dalẹ́. Tí mo bá délé, ọwọ́ mi ni ìyá mi máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó fún mi lóúnjẹ, bí wọn ò bá rí dúdú níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé ibo ni mo lọ.

Ìparí Kùránì la ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Fátíà ó di Súrà Náàsì, a ó wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ bá Bàkárà. Ọjọ́ Àlàrùbá ni owó Àfáà, ẹni tí kò lówó á mú ẹja wá torí ọmọ apẹja ló pọ̀ nínú wa, kò sẹ́ni tó máa lé e padà. Ẹ ò rí i pé ìyẹn náà ti jẹ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ dárúkọ Súrà Máhùùnù, ó wá rán mi létí nǹkan. Nígbà tá a ka ìyẹn tán, Àfáà ò tètè kọ òmíràn fún wa. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá pé ẹsẹ méje péré ni súrà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ń lé ọmọ òrukàn dànù tí kì í sì í gbani níyànjú láti bọ́ mẹ̀kúnnù, ó wá parí sórí ẹni tó ń kírun ṣekárími, tó tún ń fi ohun tí kò tó nǹkan du aládùúgbò. Wọ́n ní àwọn àgbà tó ṣàlàyé ẹ̀ sọ pé ohun tí à ń wí náà ni ìkòkò, korobá, àáké, àwọn ohun tí ará ilé ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n wá ní ká lọ sílé, kí kálukú lọ bi ìyá ẹ̀ bóyá ẹnì kan wà tó wá yá nǹkan tí wọn ò fún un.

Mo bi ìyá mi. Wọn ò dá mi lóhùn lálẹ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n ní kí n gbé odó wa lọ fún obìnrin kan nísàlẹ̀ ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọjà ti bá àárín àwọn méjèèjì jẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Odó náà wúwo, mi ò lè rù ú, ńṣe ni mo ń yí i lọ nílẹ̀, iyanrìn ń wọ inú ẹ̀. Obìnrin yẹn fi omi ṣan iyanrìn kúrò, ó ní kí n kí ìyá mi. Ó sì ti lo odó tiwa yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Torí náà, ìyá ìbejì, ẹ bá ọmọ yín sọ ìtumọ̀, kẹ́ ẹ sì rán an níṣẹ́ tó bá ìtumọ̀ náà mu lọ́jọ́ tó bá kà á. Àwọn ústáàsì ti ṣe tiwọn, wọ́n jẹ́ kó pè é dáadáa. Ilé ló kù. Wòlímọ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n kọ́mọ náà kà á kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, káwọn onílù dákẹ́ títí tó fi máa kà á tán.

Ọmọ_Súnnà:

Bàbá, jàsákúmúláàhù hàíràn, ọ̀rọ̀ odó yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ gbè sẹ́yìn ọkọ yín díẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Ìsírà, ẹsẹ 26 sí 27, pé ká má náwó nínàákúnàá, pé ọmọ ìyá èṣù làwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí wòlímọ̀ tí wọ́n yáwó ṣe, wọ́n ń san gbèsè ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti gbàgbé èyí tó kà níbẹ̀, ìnira ni wọ́n kó bá ara wọn, kì í ṣe láádá. Ọ̀rọ̀ hàǹtú, àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ẹ̀, èmi ò ní mu ún, mi ò sì ní bá ẹni tó mu ún jà.

Àmọ́ kí ọkọ yín náà gbọ́ èyí. Ánásì ọmọ Máálíkì, tó sin Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti kékeré, tó bá parí Kùránì, á kó àwọn ará ilé ẹ̀ jọ, á ṣàdúà fún gbogbo wọn. Wọ́n gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà kíkó èèyàn jọ nítorí Kùránì kì í ṣe ohun àjèjì, ohun tá a wá kó lé e lórí ni wàhálà. Ẹ pe ẹbí, ẹ pe Lèmọ́mù àti àwọn ústáàsì ẹ̀, kó ka èyí tó mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n ṣàdúà, kẹ́ ẹ bọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ àti àwọn tí kò lè wá. Mi ò rò pé Ìyá Àgbà máa kọ ìyẹn.

Ọmọ_Ìkòròdú:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìkòròdú ni tèmi, mi ò sì pẹ́ nílé kéwú, ká sòótọ́ ìyá ìyá mi ló kọ́ mi ní ẹ̀sìn. Wọn ò mọ̀ ọ́n kà, Lárúbáwá o, Yorùbá o, wàásí ni wọ́n ń lọ ní gbogbo oṣù Ràmàdáànì, ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe é lálẹ́ wọ́n á gbé àga ìjókòó wọn lọ, tí wọ́n bá dé wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ sọ fún wa bí a ṣe ń sùn lọ. Tí a bá ń pariwo nínú ilé, wọn ò ní nà wá, wọ́n á kàn ní “kí ni Lùkúmáànù sọ fọ́mọ ẹ̀?” àwa náà á dáhùn pé ó ní ká rẹ ohùn wa sílẹ̀, pé ohùn tó burú jù lọ ni ohùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó rí i pé inú Kùránì ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, Súrà 31, ẹsẹ 19, mo sì ti gbọ́ ọ létí mi tó ìgbà àìmọye kí n tó fojú rí i. Ibẹ̀ náà ni Ọlọ́hun ti sọ pé ìyá gbé oyún ọmọ nínú àìlera lórí àìlera, pé ọdún méjì ló fi ń fún un lọ́mú. Ìyẹn náà, màmá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ọjọ́ tí mo dá ìyá mi lóhùn gàn-ùn gàn-ùn.

Ohun mìíràn ni ti sààrì. Àwọn ajíwéré máa ń kọjá lójú ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń kọrin ni wọ́n ń dárúkọ onílé kọ̀ọ̀kan pé kó dìde. (Inú wéré yìí náà ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde kó tó sọ ọ́ di fújì, ẹni tí ò bá mọ̀ kó mọ̀.) Àwa ọmọdé tí kò tíì tó gbààwẹ̀ á sì dìde jẹ sààrì pẹ̀lú wọn, a máa ń gba ààwẹ̀ àbọ̀ ọjọ́ 😀. Ní ìrọ̀lẹ́, abọ́ àkọ́kọ́ tí màmá bá bù fún ìṣínu, ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà tó wà lódì kejì ló ń lọ, tó bá di Kérésì, abọ́ kan náà yẹn ló ń padà wá pẹ̀lú ìrẹsì.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa sọ ìtàn fún ọmọ yẹn lálẹ́. Ìyẹn ò náni ní kọ́bọ̀.

Ará_ÈkóẸ̀pẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Ẹ mú ọmọ yẹn lọ sí ọdún Kayókayó tá a máa ń ṣe l'Ẹ̀pẹ́ níbí ní bí oṣù kan lẹ́yìn Iléyá, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí ẹ̀ fún un, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ayẹyẹ jíjẹ mímu lásán ni. Ọdún 1851 táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, Ẹ̀pẹ́ níbí ló bọ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá, dídé wọn yẹn la fi ń ṣe Kayókayó. Ọdún 1854 ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, nígbà tó sì padà s'Ékòó ní 1862, gbogbo wọn kọ́ ló bá a padà. Àwọn ọmọ àwọn tó dúró là ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ dòní, àwa àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ jọ wà nínú ìlú kan náà. Kéwú táwọn ọmọ wa ń kà lónìí, àwọn èèyàn tó sá àsálà wá yìí wà lára àwọn tó gbé e dúró níbí, láàárín ẹni tó gbà wọ́n lálejò. Ọmọ tó bá mọ èyí á mọ ìdí tó fi yẹ kó fààyè gba àlejò.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́:

Ọlọ́hun á san gbogbo yín lẹ́san rere. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sétí ìyá mi, wọ́n ní àwọn mọ̀ Àfáà tó kọ́ni bẹ́ẹ̀, wọ́n sunkún díẹ̀. Mo fi ti Ánásì han ọkọ mi, ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ òun náà á pe àwọn ẹ̀gbọ́n òun, pé kò sí kúlà, kò sí aṣọ ẹbí, àmọ́ kí oúnjẹ pọ̀. Ìyá mi ní láwàní ńkọ́, ọkọ mi ní kó wé e. Ó ti parí nìyẹn, ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Iléyá la fi sí, ín ṣá Áláà.

Ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi sí bùúta mọ́sáláṣí kí Àlásàrí tó tó, èmi ni mo rán an, kò tíì máa dá a ṣe fúnra ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ kà látorí wàláà lọ́jọ́ náà bíi ti bàbá inú fóònù yẹn. Bàbá ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí wàláà rà l'Ẹ̀pẹ́ báyìí?

Bàbá_Marina:

Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sọ́jà. Ẹ wá kápẹ́ńtà tó mọwọ́, kó bá yín gé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, kó fá a kó dán, kó má fi òróró tàbí fáníìṣì sí i rárá, torí tàdáwà ò ní dúró lórí ẹ̀. Kó yọ ọwọ́ sí i lókè kọ́mọ lè rí i dì mú. Tàdáwà wà nílé mi. Ẹ bi ladani mọ́sáláṣí wa léèrè mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kẹ́ ẹ mú ọmọ náà dání, màá kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ fún un fúnra mi.