Owó iṣẹ́ mi tí wọ́n ń gé nítorí gbèsè: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Èmi tí kóòtù ní kí ibi iṣẹ́ máa gé lára owó mi l'Amẹ́ríkà níbí, nítorí gbèsè káàdì ìrajà-láwìn tí mi ò san, ni mo padà dé. Ẹ ṣeun gan-an fún ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi nígbà tí mo béèrè ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ẹni tó ní kí n tún ìṣirò wọn ṣe ló gbà mí jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní, fún irú gbèsè yìí, wọn ò gbọdọ̀ gé ju ìdá 25 nínú 100 owó tó kù lẹ́yìn owó orí, tàbí iye tó bá fi lé ní $217.50 lọ́sẹ̀. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni wọ́n lè mú. Àṣé odindi owó mi, kí wọ́n tó yọ owó orí rárá, ni àwọn tó ń sanwó níbi iṣẹ́ wa fi ń ṣírò! Wọ́n ti dá owó tí wọ́n gé jù náà padà.

Mo tún kọ̀wé sí kóòtù pé ìyókù ò tó gbọ́ bùkátà, mo kó ìwé owó ilé àti ti olùtọ́jú ọmọ dání. Adájọ́ ò dá a dúró, ó kàn dín in kù sí ìdajì. Ìyẹn náà dáa.

Bíbẹ olówó tí mo jẹ ní gbèsè fúnra rẹ̀ ò tíì so èso. Ó ní òun máa gba owó kékeré tí mo bá san án lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà ò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Èlé orí gbèsè ṣì ń gorí ara wọn.