Ṣé Jimny mi lè fa ọkọ̀ ojú omi dé Jẹ́bà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi Suzuki Jimny fa ọkọ̀ ojú omi láti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà. Tòun ti ẹ́ńjìnnì àti tírélà kékeré onítáyà méjì tó gbé e, ó tó 600 kílò. Ohun tí mo rí kà ni pé 350 kílò ni Jimny lè fà bí tírélà ò bá ní bíréèkì, 1,300 bó bá ní. Tèmi ò ní. Jórinjórin tó bá mi so húùkù ní kò séwu (owó rẹ̀ ló ń wá!). Mo dán an wò ládùúgbò: tírélà ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá, ó tún ń gbé ìdí Jimny sókè. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo lẹ́yìn ni mo fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sún ẹrù síwájú, kí n wá bíréèkì sí i, àbí kí n kúkú háyà Hilux?