Ṣé iná ló tán ni, àbí ṣáájì?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, mo kí yín. Láti ọjọ́ tí ọ̀kan nínú yín ti béèrè ohun tí a óò máa pe ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn dípò epo, orúkọ mẹ́ta ló ti wọlé: ọkọ̀ iná, ọkọ̀ amúnárìn àti ọkọ̀ oníná. Lójú tèmi, orúkọ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí a óò máa sọ nípa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́, nígbà tó bá kún, nígbà tó bá ń lọ sílẹ̀, nígbà tó bá kú sójú ọ̀nà, ni kò tíì yanjú.

Kí n tètè kúrò lórí orúkọ. "Ọkọ̀ iná" kò lè dúró, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ pé ọkọ̀ iná ń bọ̀ ní Wuse yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn panápaná. Ní ti "amúnárìn", ẹni tó gbé fìtílà dání lóru ni mo mọ̀ pé ó mú iná rìn. "Ọkọ̀ oníná" kò burú, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ èrò mi gan-an, "ayọ́kẹ́lẹ́" tí a ti ní tẹ́lẹ̀ kò bá ọkọ̀ kankan mu tó bó ṣe bá èyí mu, nítorí pé yíyọ́ kẹ́lẹ́ náà ló ń ṣe, débi pé òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2021 pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tuntun máa dún díẹ̀ nígbà tí eré rẹ̀ kò bá ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kó má baà ká ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ ojú títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Aládùúgbò mi kan ní Kubwa, ọmọ Ọ̀ffà, ra irú ọkọ̀ yìí, ojú fèrèsé ilé ìdáná ló sì máa ń gbà fa wáyà sí i. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Tọ́lá, ṣé iná wà nínú ọkọ̀?" Bàbá Tọ́lá, tí kò tíì lajú tán, dáhùn pé, "Iná ti lọ." Ni ìyá bá gbé àpò, ó lọ wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bátìrì ọkọ̀ náà ti kún.

Mẹ́gàádì wọn, ọmọ Kano, kò ní irú ìdààmú yẹn. Ohun tó sọ fún mi lẹ́nu géètì ni pé: "An ɗauke wuta, amma caji bai ƙare ba." Wọ́n ti mú iná lọ, ṣùgbọ́n ṣáájì kò tíì tán. Wuta ni àwọn Hausa ń pe iná tí a fi ń se oúnjẹ, òun náà sì ni iná mànàmáná lẹ́nu wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pè é. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọnú bátìrì kì í ṣe wuta mọ́, caji ni.

Àwa náà ní ìyàtọ̀ yìí lẹ́nu, fóònù ló kọ́ wa. Ta ló ń sọ pé iná tán nínú fóònù òun? Ṣáájì ló ń tán. Nítorí náà, kí "iná" dúró fún ohun tó ń bá wáyà wá, tí NẸ́PÀ ń mú wá tí wọ́n sì ń mú lọ (ọdún 2005 ni NẸ́PÀ ti kógbá wọlé, orúkọ rẹ̀ ni kò gbà láti bá a lọ), kí "ṣáájì" sì dúró fún èyí tó ti wà ní ìpamọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "agbára" dípò ṣáájì yóò ní àyálò ni ṣáájì. Agbára dùn ún kà lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ lójú ọ̀nà pé agbára ọkọ̀ yín ti dínkù, mẹkáníìkì ni wọn yóò bá yín pè, nítorí pé ẹni tó gbọ́ yóò rò pé ọkọ̀ ti gbó, kò lè gun òkè mọ́. Ẹni tó ń pe bátìrì, táyà àti mọ́tò láìfòyà, kí ló dé tí ṣáájì nìkan fi di èèwọ̀?

Ní ti òṣùwọ̀n ṣáájì, a kò nílò "wákàtí-kílówáàtì" tí ẹnìkan gbé wá. Yúníìtì tí a ń rà sí mítà, tí wọ́n sọ di naira 225 fún àwọn tó wà ní Báǹdì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun náà gan-an ni. Bí bátìrì bá ń gba 60 yúníìtì, naira 13,500 nìyẹn ní iye ìgbà náà, láìka èyí tó ṣòfò nígbà tí a bá ń ṣáájì rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé tó ń gbé kílówáàtì mẹ́ta, ìyẹn yúníìtì mẹ́ta ní wákàtí kan, yóò sì fi 20 wákàtí kún un, iye wákàtí iná tí wọ́n ṣèlérí fún Báǹdì A lójúmọ́ gẹ́lẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo rò pé ó nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Bí ọkọ̀ yìí bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Jos ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Hawan Kibo, tí awakọ̀ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú un sáré, táyà ni yóò máa yí mọ́tò inú ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí táyà tẹ́lẹ̀. Mọ́tò á wá di ẹ̀rọ amúnáwá, á máa dá ṣáájì padà sínú bátìrì, ìyẹn náà ni yóò sì máa dín eré kù. "Ìjánu agbapadà" ni mo ti kọ sílẹ̀ láti gbé wá síwájú yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí aládùúgbò mi ti Jos dé, níbi tó ti sùn fún ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ lè kún, mo bi í bí ìsọ̀kalẹ̀ náà ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn fún mi ní ṣéńjì."