Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ dáadáa?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti wọ ilé ìwé ìṣègùn, láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi.

Irú èyí tí wọ́n ń pè ní MMI (Multiple Mini Interview, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kéékèèké tí èèyàn ń ṣe láti yàrá kan dé òmíràn) ni: yàrá 8, ìṣẹ́jú 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 2 láti ka ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ní yàrá kẹta, obìnrin kan ń ṣe bí aláìsàn tí kò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ sára. Kíá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́ pé kó gbà. Ẹ̀yìn tí agogo dún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé n kò tiẹ̀ bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́! Ẹni tó ń kọ máàkì sílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro; ojú rẹ̀ kàn dà bí ògiri.

Mo mọ̀ pé olùdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, máàkì wọn ò sì kan ara wọn. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọlé, ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó dáa? Ǹjẹ́ ẹ̀rín olùdánwò tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn tó bá rò pé àwọn ṣe dáadáa gan-an ni wọn kì í mú. Mi ò mọ ibi tó ti rí ìyẹn.