Wọ́n ní kí n fi akọrin sílẹ̀ torí ìgbéraga. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ọdún 14 ni mo fi darí akọrin ìjọ wa. Owó ara mi ni mo fi rán ẹ̀wù elésè àlùkò tí wọ́n ń wọ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pásítọ̀ ní kí n lọ sinmi fún oṣù 3, ó sì fi ọmọ àná rọ́pò mi! Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ 3 fún ìrẹ̀lẹ̀, síbẹ̀ inú mi ṣì ń ru. Ṣé kí n wá ìjọ mìíràn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ èmi náà rí. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, mo ń di kunkun, àfìgbà tí ọmọ kékeré kan fa ìró mi: “Àǹtí, ṣé ẹ ò fẹ́ràn wa mọ́ ni?”

Bọ̀dé: Pásítọ̀ ò lè ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ ṣe?

Olùbéèrè: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń sọ. Wọn ò fẹ́ òótọ́.

Alàgbà: Nínú Bíbélì, Náámánì, ọ̀gágun Síríà tó wá wo ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ sàn, bínú nítorí wòlíì kò jáde wá kí i, tó kàn ránṣẹ́ pé kó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó tó ri ara bọ Jọ́dánì lẹ́ẹ̀meje. Oṣù 3 yẹn ni Jọ́dánì tiyín.

Àdùkẹ́: Alàgbà, ẹ rọra. Àwọn kan ń fi “ẹ rẹ ara yín sílẹ̀” pa ọmọ ìjọ lẹ́nu mọ́. Nínú Fílípì 2, Jésù fúnra rẹ̀ ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Alàgbà: Ṣé mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?

Bọ̀dé: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Olùbéèrè: Ó dáa. Ọmọ ọdún 15 kan ń dá orin kọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé e ga jù, ohùn rẹ̀ já. Mo gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ, mo ní kó lọ jókòó. Kò tíì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ pè mí, mi ò gbé e.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ lọ ka Mátíù 5:23-24: ká kọ́kọ́ lọ bá ẹni tínú ń bí sí wa làjà, ká tó mú ọrẹ wá fún Ọlọ́run. Ẹ gbé ààwẹ̀ tì ná, ẹ lọ bá ọmọ yẹn nílé.

Olùbéèrè: Kí èmi àgbà lọ bẹ ọmọdé?

Àdùkẹ́: Jésù tó jẹ́ Olúwa wẹ ẹsẹ̀ Pétérù. Ẹ sọ fún un níwájú ìyá rẹ̀ pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́.

Olùbéèrè: Mo ti pe ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀, kò gba fóònù. Wọ́n ní kí n wá lọ́la, tó bá ti ilé ìwé dé. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má mẹ́nu ba ohùn tó já yẹn rárá.