Sìtéènì tábìlì mi kọ̀ kò gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́

Ọwọ́Dòdò: Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo fi sáńpépà ha tábìlì àtijọ́ kan, mo wá kun sìtéènì olóròóró (aró tí wọ́n fi ń pa igi láwọ̀ dà) sí i, mo fẹ́ kó dúdú dáadáa ni mo ṣe kùn ún nípọn tí mo sì fi sílẹ̀ kó lè mu ún. Òní ló pé ọjọ́ 5, kò gbẹ. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ìlà ìka mi á yọ síbẹ̀ gbangba, eṣinṣin kan tiẹ̀ bà lé e lánàá, kò lè fò mọ́ 😩 Ṣé kí n kúkú kun fáníìṣì bò ó?

BàbáPákó: Háà, ẹ má dán fáníìṣì wò o! Abẹ́ rẹ̀ ò ní gbẹ bọ̀rọ̀, òkè á hunjọ, tó bá yá á máa ṣí. Ẹ má sì fi sáńpépà ha á kúrò, ẹyọ kan ò ní ha ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kó tó dí pa. Ẹ wò ó, sìtéènì kì í ṣe ọ̀dà, inú igi ló ń wọ̀, èyí tí igi ò bá rí mu, orí ẹ̀ ló máa jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá ti kùn ún, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15 ó yẹ kẹ́ ẹ ti fi àkísà gbígbẹ nu àṣẹ́kù kúrò. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó dúdú sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tún un kùn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí, ẹ mú sìtéènì yẹn kan náà kẹ́ ẹ kùn ún lé e fẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ wèrè, àmọ́ tuntun ló máa rọ ti àtijọ́. Ibi kékeré kékeré ni kẹ́ ẹ máa mú, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kẹ́ ẹ wá nù ún tọ ìlà igi. Tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi mineral spirit (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn) tàbí tọpẹntáìnì rin àkísà, àwọ̀ ẹ̀ á ṣí díẹ̀ ṣá. Ẹ ṣí fèrèsé o.

Ìyá_Ibejì: Ṣé ẹ ro agolo yẹn dé ìsàlẹ̀? Irú igi wo sì ni? Tíìkì lóròóró tiẹ̀ lára, acetone (omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò) la fi ń nù ún ká tó kùn ún.

Ọwọ́Dòdò: Mi ò mọ irú igi tó jẹ́ mà. Mì ni mo kàn mi agolo 🙈 Apá igun kan ṣì ń dán kí n tó kùn ún, mo rò pé kò ṣe nǹkan kan ni.

Ìyá_Ibejì: Ó ṣe nǹkan o! Fáníìṣì àtijọ́ nìyẹn, sìtéènì ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ bó igun yẹn títí dé ara igi, kẹ́ ẹ wá kán omi sí i, tómi bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò wọlé, ó ṣì kù.

BàbáPákó: Mo fẹ́ gbàgbé. Àkísà tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má ká a jọ sígun ilé, ó ń gbóná fúnra ẹ̀ títí á fi gbiná. Ìta ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí lọ́kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi.

Ọwọ́Dòdò: Ẹ ṣé gan-an sà. Ìdajì rẹ̀ ti tán, àkísà 6 ti lọ sí i, ibi tí mo nù lánàá ti gbẹ, mo gbé ìwé lé e kò lẹ̀. Ó ku igun olóríkunkun yẹn.